Ti Japan àbí ti Korea: Hana Yori Dango àti Boys Over Flowers

Nínú eré tẹlifíṣọ̀n méjì yìí, èwo ló dùn jù? Ìtàn kan náà ni o, inú ìwé àwòrán àwọn ará Japan ni wọ́n ti yọ méjèèjì. Àmọ́ ti Japan ní 2005, ẹpisódù 9 péré ni sísìn àkọ́kọ́, wọn ò bu omi sọ́bẹ̀ rárá, ti Korea ní 2009 wá jẹ́ 25, háà! Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí ni Jun-pyo, ọmọkùnrin olówó inú ti Korea, tún wá gbàgbé ọmọbìnrin tó fẹ́ràn, mo kàn ń fò ó ni.

Ibi tí Korea ti gbà á lọ́wọ́ wọn ni ìbẹ̀rẹ̀: àwọn òbí Jan-di, ọmọbìnrin yẹn, ń ṣe dírákílínì, aṣọ ló gbé lọ sí sùkúù àwọn olówó yẹn tó fi gba ẹni tó fẹ́ bẹ́ láti orí òrùlé là, o ti mọ irú ọmọ tó jẹ́.

Tó bá kan àwọn òṣèré, Inoue Mao tó ṣe ọmọbìnrin náà ní ti Japan ò tíì pé 19 nígbà yẹn, ọmọ sùkúù gidi ló jọ, tó bá ní òun máa gbá ẹ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ wàá sá. Ariwo Ku Hye-sun tó ṣe Jan-di pọ̀ jù fún mi. Lee Min-ho tó ṣe Jun-pyo ṣá, ẹ má bá mi jà, torí irun lílọ́ yẹn nìkan mo lè tún 25 yẹn wò.