KEF LS50 Meta nínú pálọ̀ wa ní Ìgbógbó: oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń gbọ́ ọ

"Igi òkú lèyí."

Ohun tí bàbá onílù àdúgbò wa kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n fi ìka kan spíkà mi lára. Wọ́n tún kàn án lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbé etí sí i, wọ́n mi orí. Wọ́n ní bí igi ìlù bá dún báyìí, àwọn ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Mo ní, "Bàbá, ohun tí ẹni tó ṣe é ń wá gan-an nìyẹn." Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọ́n ti lù ní jìbìtì.

KEF LS50 Meta ni orúkọ spíkà náà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n lò ó kí wọ́n tó gbé e wá fún mi sí Ìkòròdú níbí. Kílò 7.8 ni ọ̀kan, méjèèjì jẹ́ 15.6, báàgì tí wọ́n sì gbà wọ́n láyè láti gbé kò gbọdọ̀ ju 23 lọ. Ẹ̀gbọ́n ní aṣọ mẹ́ta péré làwọn rí kó wálé, títí dòní wọn ò jẹ́ kí n gbàgbé. Nígbà tó jáde ní 2020, nǹkan bíi 1,500 dọ́là ni méjèèjì ní Amẹ́ríkà. Ẹ má bi mí ní iye tí mo fún ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ.

Ìjà ilé ló jẹ́ kí n wá spíkà gidi. Nígbà tí a ṣe ìṣílé, bàbá onílù yìí kan náà ló lu dùndún fún wa, ẹnì kan sì fi ẹ̀rọ tó dára gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ìyá ìlù ń kí ilé. Èmi gbọ́ "ilé owó." Ìyàwó mi ní irọ́ ni, "ilé ọ̀wọ̀" ni ìlù wí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ nìkan ló fi ń sọ̀rọ̀, àmọ́ owó àti ọ̀wọ̀ ò jọra rárá lórí ìlù. Ó yẹ kí ẹnì kan lè sọ èyí tó jẹ́. A tún un gbọ́ títí lórí home theatre wa àtijọ́, kò sẹ́ni tó yí ọkàn padà. Gbẹ̀ẹ̀ẹ̀ kan ló máa ń bo ìparí gbólóhùn yẹn mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlù ṣàlàyé, torí òun ni mo fi yé ara mi. Nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá lu awọ, awọ á gbọ̀n, igi tó ṣófo á dá a lóhùn, ọ̀ṣán tí onílù ń fún á gbé ohùn ròkè tàbí kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ohùn igi wà nínú ohùn ìlù. Igi tí kò bá dáhùn, ìlù rẹ̀ ti yadi. Spíkà náà ní awọ tirẹ̀, tí a ń pè ní kóònù. Dípò kọ̀ǹgọ́, wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n ká bí òwú ló wà lẹ́yìn rẹ̀, láàárín òòfà. Bí iná orin bá ti ń gba inú wáyà yẹn kọjá ni òòfà á máa fà á, á máa tì í, kóònù á sì máa bá a lọ, á máa bá a bọ̀. Chester Rice àti Edward Kellogg, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní General Electric ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú èyí jáde ní 1925. Ọ̀pọ̀ jù lọ spíkà tó wà láyé lónìí, títí kan èyí tó wà nínú fóònù yín, ọ̀nà yẹn náà ló ń tọ̀.

Ṣùgbọ́n ìlù ló ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Iṣẹ́ ni wọ́n rán spíkà. Bí àpótí rẹ̀ bá dáhùn, ó ti fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn.

Ẹnì kan lè ní ká kúkú yọ àpótí kúrò. Kò ṣeé ṣe. Bí kóònù bá ṣe ń ti afẹ́fẹ́ níwájú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ohùn tó rinlẹ̀ máa ń yí po, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn á bá ara wọn pàdé, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún rédíò ọkọ̀ ṣe, ẹ ní kí wọ́n tan spíkà tí wọ́n tú sílẹ̀ kalẹ̀: ohùn á máa han bí ẹyẹ, kò ní sí bàsì kankan. Wọ́n bá gbé e sínú àpótí, bàsì dé. Àpótí ló há ohùn ẹ̀yìn mọ́. Àmọ́ ohùn tí wọ́n há mọ́ ò ní jókòó jẹ́ẹ́, á máa lu ògiri àpótí látinú. Home theatre wa, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gúlù tẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kò nípọn tó ìka mi. Bí orin bá ń lọ tí mo gbé ọwọ́ lé e, mo máa ń rí i pé gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Gbẹ̀ẹ̀ẹ̀ tó ń bo ìlù mọ́lẹ̀ nìyẹn, ìlù àpótí lórí ìlù bàbá.

Ojú LS50 kì í ṣe igi. Oje oníkẹ́míkà kan tó máa ń gan ni wọ́n pò mọ́ fọ́nrán gíláàsì àti èròjà kan tó jọ ẹfun, tí wọ́n wá tẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù. Wọ́n fi igi dábùú inú àpótí, wọ́n sì fi nǹkan rírọ̀ sáàárín igi yẹn àti ògiri, kí ìgbọ̀n tó bá gba ibẹ̀ lè di ooru díẹ̀ kó sì tán síbẹ̀. Ojú rẹ̀ tún yọ síta bí ikùn ìkòkò. Kì í ṣe torí ẹwà nìkan. Ẹni tó bá ti dúró ní èbúté wa rí tó ń wo bí ìgbì ọ̀sà ṣe ń lu igun kọnkéré, á mọ̀ pé ibi tí igun bá ti mú ni omi ti ń ta padà sí ibi gbogbo, ṣùgbọ́n létí yanrìn tó rọra dagẹ̀rẹ̀, ńṣe ló ń rọra gùn ún lọ. Ohùn náà kì í fẹ́ igun.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Spíkà ilé sábà máa ń ní ẹnu méjì, wúfà fún ohùn tó rinlẹ̀ àti ti àárín, tuwítà fún ohùn tó tín-ín-rín, ọ̀kan sì máa ń wà lókè èkejì. Bí ẹ bá jókòó, ẹ gbọ́ ọ báyìí. Bí ẹ bá dìde, ó ti yí padà, torí ẹnu kan ti sún mọ́ etí yín ju èkejì lọ. Ilé iṣẹ́ KEF, tí Raymond Cooke dá sílẹ̀ ní Maidstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1961, fi tuwítà sí àárín gbùngbùn wúfà ní 1988. Wọ́n ń pè é ní Uni-Q. Òòfà nẹodímíọ̀mù ló jẹ́ kó ṣeé ṣe, torí ó kéré lára, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Nínú tèmi yìí, wúfà fẹ̀ tó mìlímítà 130, tuwítà jẹ́ 25, àlùmíníọ̀mù ni àwọn méjèèjì. Tí ohùn bá dé 2,100 Hz, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n nígbà 2,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wúfà á gbé iṣẹ́ lé tuwítà lọ́wọ́. Etí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀, àlejò wà lórí àga, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ohùn kan náà la ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ Meta yẹn ńkọ́? Ẹ̀yìn tuwítà náà máa ń fọhùn, tí ohùn yẹn bá sì padà wá gba iwájú jáde, á ba nǹkan jẹ́. Wọ́n fi àwo pẹlẹbẹ kan síbẹ̀ tó kún fún ihò tóóró tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí gígùn wọn ò dọ́gba. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìgò ọtí tó ṣófo, ẹ tún fẹ́ sí ti ìgò òògùn kékeré. Kálukú wọn ló ní ohùn tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò kọ̀ọ̀kan ń gbé ohùn tirẹ̀ mì. Àwo yẹn ni Meta inú orúkọ spíkà náà. Ilé iṣẹ́ náà ní ó ń gbé ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ohùn ẹ̀yìn yẹn mì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń lu igbá, kì í ṣe bí ẹni ń dín nǹkan.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe òde àríyá, kó yáa lọ háyà. Ohùn tó ń fi iná tí wọ́n fún un mú jáde kéré, 85 dẹ́sìbẹ́lì péré (òun la fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó), bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí ohùn tó fi dẹ́sìbẹ́lì 3 péré lọ sókè, ìlọ́po méjì iná ló máa jẹ. Ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn kọ ọ́ pé láti 79 Hz sókè ló ti ń ṣe déédéé, bẹ́ẹ̀ okùn tó nípọn jù lára gìtá bàsì ń gbọ̀n ní nǹkan bíi 41 Hz. Ẹ ó gbọ́ pé ẹni tó ń ta gìtá náà mọwọ́ rẹ̀, ẹ ó gbọ́ gbogbo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ta okùn, àmọ́ kò ní kan yín nínú ikùn. Fún fújì, ó dùn mí díẹ̀. Fún àpàlà, mi ò wá nǹkan kan tì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á. Mo ti tì í mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bàsì wú bí àkàrà, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí bàsì ń gbà jáde, mo sì ti fi ògiri dí i. Nǹkan kejì: pálọ̀ wa gùn tó mítà 4.3, ìgbì ohùn 80 Hz náà sì gùn tó bẹ́ẹ̀, torí mítà 343 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbogbo nǹkan tó bá bọ́ sí 80 Hz, ilé fúnra rẹ̀ ń bá a kọrin. Mo fà á kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 60, mo gbé e lé irin tí wẹ́dà kan ní Sábó jó fún mi, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí táìsì. Ó wá di spíkà mìíràn.

Ámpìlífáyà mi àtijọ́ gbóná títí ó fi kú lórí rẹ̀. Ohm 8 ni wọ́n kọ sí spíkà náà lára (ohm la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó), ṣùgbọ́n ó máa ń já wálẹ̀ dé 3.5 láwọn ibì kan nínú orin, ámpìlífáyà tí kò lágbára ò lè fara dà á. Ẹni tó ta wáyà fún mi lọ́jà náà búra pé bàbà gidi ni. Mo fi ọ̀bẹ ha á, àlùmíníọ̀mù funfun báláú ló wà lábẹ́ àwọ̀ pupa yẹn. Ẹ mú ọ̀bẹ dání.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ tò tán ni mo tan orin ìṣílé yẹn. Alẹ́ ni, inverter ló gbé e, jẹ́nẹ́rétọ̀ àwọn ará ilé kejì ti kú. Ó dé ibi tí à ń jà sí, mo gbọ́ "ilé" ketekete, mo gbọ́ ohùn àárín kan, lẹ́yìn náà, kọ́. Bí igi ṣe ń lu igi. Kò sí ohùn òkè, kò sí ohùn ìsàlẹ̀. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ọ̀wọ̀. Èmi àti ìyàwó mi wo ara wa.

Ìdí tí mo fi ránṣẹ́ sí bàbá nìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n bú igi mi tán, mo tan án fún wọn. Wọ́n di ojú. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n dá a padà, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

"Ilé ayọ̀ ni mo fẹ́ wí," ni wọ́n wí. "Kọ̀ǹgọ́ ló yọ̀ lọ́wọ́ mi."