Sípíkà tí káfíńtà kàn fún wa àti èyí tí a rà lọ́jà

Nígbà tí ìjọ wa ní Ìbàdàn fẹ́ pààrọ̀ sípíkà, èmi tí mo ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Káfíńtà kan kan àpótí mẹ́rin fún wa: méjì fún béèsì, tí a fi wúfà (ẹ̀yà sípíkà tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀) oní-íǹṣì 18 sí, àti méjì fún ọ̀rọ̀ sísọ, tí a fi wúfà oní-íǹṣì 15 àti twítà (ẹ̀yà kékeré tí ń gbé ohùn òkè) kọ̀ọ̀kan sí. Ọjà Alábà ní Èkó ni a ti ra àwọn wúfà náà. Lẹ́yìn ọdún kan, a ra sípíkà méjì tí ilé-iṣẹ́ ṣe, irú èyí tí amplifier, ẹ̀rọ tí ń fún ohùn lágbára, wà nínú rẹ̀.

Àpótí béèsì tí a kàn kò já mi kulẹ̀ rárá. Pákó plywood oní-mìlímítà 18 ni a lò. A fi igi dábùú inú rẹ̀ kí ara rẹ̀ má baà máa gbọ̀n, a sì fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà jò. Káfíńtà fẹ́ wo àpótí àtijọ́ kan ṣe é, mo sì kọ̀, nítorí pé wúfà ni ó ń pinnu bí inú àpótí rẹ̀ yóò ti láyè tó àti bí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò ti gùn tó. Neville Thiele, ọmọ Australia, ti gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ láti ọdún 1961, àwọn ìwọ̀n tí ìṣirò náà sì ń béèrè máa ń wà nínú ìwé tí ó bá wúfà gidi wá. Wúfà tí kò bá ní ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á.

Àpótí ọ̀rọ̀ ni ó bà mí nínú jẹ́. Capacitor kan ṣoṣo, ẹ̀yà kékeré tí kì í jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ dé twítà, ni wọ́n so mọ́ twítà, wọn kò sì so nǹkan kan mọ́ wúfà, nítorí náà wúfà ńlá náà ń gbé ohùn òkè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìgbì ohùn oní-2000 Hz (ohùn tí ń gbọ̀n ní ìgbà 2000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu wúfà náà fẹ̀ tó 38. Ohùn tí ìgbì rẹ̀ bá kúrú ju ẹnu wúfà lọ báyìí kì í tàn ká, ọ̀kánkán iwájú ni ó ń lọ. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń jókòó lẹ́bàá ògiri ń gbọ́ bí ohùn oníwàásù ṣe ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ bóyá “tà” ni ó wí tàbí “kà”. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi jókòó bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ ohun tí ó fà á, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Sípíkà tí a rà mú ìyẹn kúrò lọ́jọ́ kan. Wúfà rẹ̀ ní amplifier tirẹ̀, twítà náà ní tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì ti pín ohùn fún wọn bí ó ti yẹ. Àléébù rẹ̀ ni iná mànàmáná wa: nígbà tí iná dé pẹ̀lú agbára àpọ̀jù, pátákó inú ọ̀kan jóná, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méje lọ́dọ̀ alátùn-únṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ kan péré ni a fi pààrọ̀ ìwé tí ń gbọ̀n lójú wúfà béèsì nígbà tí ó ya.

Ní báyìí, béèsì tí a kàn wà nílẹ̀, èyí tí a rà wà lórí òpó, 100 Hz ni mo sì ti pín ohùn láàárín wọn: ohùn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí béèsì, èyí tí ó wà lókè rẹ̀ ń lọ sí èyí tí a rà. Àpótí ọ̀rọ̀ méjì náà wà nínú yàrá ẹrù. Mo ti yọ wúfà wọn, mo sì ti ń ṣírò àpótí tuntun tí yóò bá wọn mu.