Àtílì tàbí ubé: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá ti jẹ ubé pẹ̀lú àgbàdo sísun kò nílò kí n ṣàlàyé adùn rẹ̀. Àtílì ni ọ̀pọ̀ wa ní Ìbàdàn àti Èkó kò mọ̀, àyàfi ẹni tó ti gbé ní Jos rí. Èso igi ni àwọn méjèèjì, ìbátan sì ni wọ́n: àwọ̀ àlùkò tó dúdú ni wọ́n ní, ara wọn lọ́ràá, ooru la sì fi ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n tó ṣe é jẹ. Àtílì ló kéré jù, kóró rẹ̀ le koko, ó ní igun mẹ́ta.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò ni ìrìn tí ẹrù máa rìn. Ubé kì í fara da ìdúró. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bá já a, á ti máa rọ̀ fúnra rẹ̀, ooru inú àpò sì máa ń mú un yá. Mo ra àpò ubé kan láti ìhà Ìlà-Oòrùn, ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, ẹrù sùn síbẹ̀. Nígbà tí a tú u n'Íbàdàn, àwọn tó wà lókè ṣì ń dán. Mo ki ọwọ́ bọ àárín, ó gbóná, omi ti ń sun lára wọn. Ti ìsàlẹ̀ ti bu funfun. Ẹni tó tà á ní òun kọ́ lòun wa ọkọ̀, awakọ̀ ní òun kọ́ lòun ni ubé. Owó náà wọgbó.

Bí ẹ bá máa ra púpọ̀, inú apẹ̀rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni kó wà. Ẹ sì tọ́ ọ wò, torí òmíràn kan gan-an, àwọ̀ rẹ̀ kò ní sọ fún yín.

Àtílì tí mò ń rà láti Pankshin, ní ìpínlẹ̀ Plateau, kò fún mi ní irú wàhálà yẹn. Líle ló ń dé ilé. Omi nìkan ni ẹ óo ṣọ́: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, èyí tí ọwọ́ lè gbà. Ẹ dà á sí i, ẹ dé e, ẹ máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá rọ̀, ara rẹ̀ á yọ kúrò lára kóró, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i. Bí ẹ bá lo omi híhó, ṣe ló máa gan, á sì le sí i. Ẹ ṣa àwọn tí àwọ̀ wọn ṣì dà bí ewé kúrò kí ẹ tó sanwó, wọn kò tíì gbó.

Ní ti rírí, ubé borí: nígbà òjò, kò sí àdúgbò tí ẹ kò ní rí i. Wọ́n ń fún òróró lára àtílì, ẹ sì lè fọ́ kóró rẹ̀ jẹ. Kóró ubé, ewúrẹ́ ló ni ín.

Ẹni tó fẹ́ gbìn, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tóbi, kó gbin ubé, kó sì tètè gbìn ín, torí kóró rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Igi àtílì lè ga tó mítà 50. Oje rẹ̀ ń ta sánsán nínú iná, ṣùgbọ́n pákó rẹ̀ kò lágbára níwájú ikán, ó sì ń jẹ ẹnu ayùn.

Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lónìí, kó ra ubé díẹ̀ ládùúgbò. Ẹni tó fẹ́ kó o ní àpò láti tà, àwọn méjèèjì ló ní ọjà. Owó tèmi, àtílì ni mò ń kó o sí, mo sì ń kìlọ̀ omi híhó fún gbogbo oníbàárà kí wọ́n tó gbé e lọ.