Ìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀yáwó ra Golf GTI àlòkù ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, ó yẹ kí ìtìjú ti pa ẹnu mi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, mo ti wa ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Kánò láìmọye ìgbà, èmi gan-an sì ni àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń pè bí wọ́n bá fẹ́ ra ọkọ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ bàtà funfun jókòó níwájú mi ní ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní ẹ̀yìn odi Birmingham, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mo sì tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́ tí ó rí èèpo iṣu. Ìbéèrè náà ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ lè máa san lóṣù?"

Mo ní mo lè san £300. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni pé ó ń jà fún mi, ó wá ní òun ti bá mi gé e wálẹ̀ sí £288. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo dìde dúró, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń jà mí lólè pé ó fi £12 jìn mí.

Golf GTI funfun ti ọdún 2015 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì lítà méjì alágbára ẹṣin 220, jíà DSG tí ń yí ara rẹ̀ padà, pẹ̀lú aṣọ ìjókòó onílà-ìlà tí a ti mọ GTI mọ́ láti ọdún 1976. Láti kékeré ni ọkọ̀ yìí ti ń wù mí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọkọ̀ ẹbí ni, pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí gbayawu, pé kẹ̀kẹ́ ọmọ àti ẹrù ọjà yóò wọ inú rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí kẹ̀kẹ́ ọmọ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú títì márosẹ̀ nígbà tí a gbé e jáde láti dán an wò. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ lọ béèrè owó lọ́wọ́ bánkì wa. Mo ní kò sí àyè, pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Ọlọ́jà kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí ìṣirò náà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń dùn mí. Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà jẹ́ £11,995. Mo san £1,500 sílẹ̀. Ó fi wáráńtì £795 kún un, èyí tí n kò béèrè, ó sì dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀yáwó náà, tí ó fi jẹ́ pé mo ń san èlé lórí wáráńtì. Ẹ̀yáwó náà wá di £11,290, èlé rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 19.9% APR, ọdún márùn-ún gbáko ni mo sì fi máa san án. £288.45 ní ọ̀nà ọgọ́ta, pẹ̀lú àsansílẹ̀ mi, ó lé ní £18,800. Èlé nìkan lé ní £6,000! Bánkì tí ìyàwó mi sọ, nígbà tí mo wá béèrè lẹ́yìn tí omi ti tán lẹ́yìn ẹja, èlé tiwọn kò tó ìdajì èyí. Gbogbo iye wọ̀nyí ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí, n kò lè sọ pé wọ́n fi pamọ́. Èmi ni n kò kà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa dá mi lẹ́bi, ẹ sọ òtítọ́: ta ni nínú yín ni ó máa ń ka ìwé olójú-ewé mẹ́rìnlá nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀?

Ohun tí ó dùn mí jù lọ ni pé ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni ọlọ́jà náà. Orúkọ mi ni ó rí lórí ìwé ìwakọ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń ṣeré, ó ní òun kò jẹ́ ta ọkọ̀ burúkú fún ẹ̀gbọ́n òun. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, iná omi ràdíétọ̀ tàn. Mo bu omi sí i. Ó tún tàn lọ́jọ́ kẹrin, jíà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí nípàá nígbà tí mo bá fẹ́ ṣí kúrò lójú kan. Mo pe ọlọ́jà náà lórí fóònù, ó ní kí n mú un wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ dé, ó ní mẹkáníìkì àwọn ń ṣàìsàn. Mo tún pè, ó ní kí n fi ọkàn balẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n tó gbà kí n gbé e wá, ibẹ̀ ni ojú àbúrò mi ti yí padà, tí ó gbàgbé Yorùbá pátápátá, tí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé ọgbọ̀n ọjọ́ tí òfin fún mi láti dá ọkọ̀ padà ti kọjá. Ó ti ń ka ọjọ́! Gbogbo ìgbà tí ó ń bẹ̀ mí pé kí n fi ọkàn balẹ̀, kàlẹ́ńdà ni ó ń wò.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì kan, ará Ìjẹ̀bú, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ilé oníke tí ó gbé páǹpù omi ti sán, àìsàn tí gbogbo àwọn tí ń tún irú ẹ́ńjìnnì yìí ṣe mọ̀ dunjú. Ó ní ọ́ìlì jíà DSG yìí, tí ó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ ní gbogbo 40,000 máìlì, ti dúdú bí èédú. Ó ní ẹnì kan ti yí ètò inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà padà kí ó lè sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, èyí tí àwọn ọmọkùnrin ń pè ní remap. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò mi kò mọ̀ nípa èyí, èmi náà kò sì mọ̀. Bí mo bá ti ní ìjàm̀bá ni, wọ́n lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n fi £410 kún owó mi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yìí mú fóònù rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sórí ìkànnì ìjọba níbi tí ìtàn MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí ọkọ̀ máa ṣe, ti gbogbo ọkọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì na fóònù náà sí mi láìsọ̀rọ̀. Ní 2021, ọkọ̀ yìí ti rin 88,906 máìlì. Ní 2022, ó rin 54,310. Ọkọ̀ mi ń rin ẹ̀yìn! Kò ná mi ní kọ́bọ̀ láti wo èyí, kò gba ìṣẹ́jú kan, àní mo ti bá ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ mi wò ó fún ọkọ̀ tirẹ̀ rí. Kí ni ó ṣe mí tí n kò wo tèmi? Ẹ má dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ rà á, ẹ wo ìtàn MOT kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ sanwó àyẹ̀wò tí yóò fi hàn bóyá gbèsè ẹlòmíràn ṣì wà lórí ọkọ̀ náà, tàbí bóyá ó ti ní ìjàm̀bá tí wọ́n fi kọ Category S tàbí N sí i, àmì tí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ń fi sí ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ gan-an rí. Bí wọ́n bá bi yín ní iye tí ẹ lè san lóṣù, ẹ má dáhùn. Ẹ bi wọ́n ní àròpọ̀ gbogbo owó náà. Láti oṣù kìíní 2021 ni FCA, àjọ tí ń ṣọ́ àwọn tí ń yáni lówó, ti fòfin de àṣà pé kí ọlọ́jà máa sún èlé sókè kí làádà tirẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n làádà fúnra rẹ̀ kò parẹ́, nítorí náà ẹ béèrè bí wọ́n ń gbà á. Ẹ ní ọjọ́ 14 láti jáde kúrò nínú àdéhùn ẹ̀yáwó, bí ẹ bá lè rí owó náà san láti ibòmíràn. Bí àléébù bá yọ, ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2015 ní kíka ọgbọ̀n ọjọ́ yóò dúró láti ọjọ́ tí ẹ bá ti béèrè àtúnṣe. Orí fóònù ni èmi ti ń béèrè tèmi, n kò ní ẹ̀rí.

Nísinsìnyí, n kò gba ọlọ́jà kankan gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ òyìnbó, ì báà jẹ́ tiwa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ọjà Bull Ring, mo ní kí obìnrin tí ó ti ń ta iṣu fún wa láti ọdún mẹ́fà gé orí iṣu kí n wo inú rẹ̀. Ojú ti ìyàwó mi, ó sì bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé obìnrin náà kò ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo wo inú iṣu náà.

Ilé iṣẹ́ tí ó yá mi lówó ni ó ni ọkọ̀ yìí títí n ó fi san án tán, nítorí náà àwọn ni mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí, kì í ṣe ọlọ́jà yẹn. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti fèsì kí n tó lè gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman, àjọ tí ń dá ẹjọ́ láàárín ilé iṣẹ́ owó àti oníbàárà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Bí wọn kò bá gbà, òfin gbà mí láyè láti dá ọkọ̀ náà padà fúnra mi nígbà tí mo bá ti san ìdajì gbogbo owó náà, mo sì ti ṣírò rẹ̀: oṣù méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọkọ̀ náà wà níwájú ilé, ó ń jo omi sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọn yóò tún yọ £288.45 nínú àkáǹtì mi.