Ètò Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọ̀gá Ìjọba àti Ọ̀gá Iléeṣẹ́ Aládàáni: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Sanwó

Ẹni tó ti di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́, tó sì fẹ́ padà sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, kì í ṣàìrí ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gbà á. Ohun tó ṣòro ni kí ó mọ èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu láàárín ọ̀pọ̀ ètò tí orúkọ wọn jọra, tí ìwé ìpolówó wọn sì ń ṣèlérí ohun kan náà. Mo kọ ìfiwéra yìí fún ẹni tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́, àti fún ẹni tí iléeṣẹ́ tàbí ìjọba ní kó bá àwọn ẹlòmíràn yan ètò. Ìdájọ́ tèmi ni pé ìṣòro tí ọ̀gá náà fẹ́ lọ wá ojútùú sí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan tàbí méjì, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rárá.

Ilé-ẹ̀kọ́ òwò tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣèjọba

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òwò ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọdún 1931 ni MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò tí a mọ̀ sí Sloan Fellows fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Yunifásítì Chicago gbé MBA (oyè gíga nínú ìmọ̀ òwò) ti àwọn ọ̀gá kalẹ̀ ní 1943, Harvard Business School sì bẹ̀rẹ̀ Advanced Management Program ní 1945. Ọ̀nà ìkọ́ni tí Harvard fi lókìkí ni pé wọn yóò kọ ìtàn ìṣòro kan tó dojú kọ iléeṣẹ́ kan ní ti gidi. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà á sílẹ̀, yóò jíròrò rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré tirẹ̀, olùkọ́ yóò sì wá bi í níwájú gbogbo kíláàsì pé kí ni ì bá ṣe bó bá jẹ́ òun ni ọ̀gá ibẹ̀. Ẹni tó bá la ọ̀pọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kọjá yóò mọ bí a ṣe ń ṣe ìpinnu nígbà tí ìròyìn kò tíì pé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ yóò sì là sí ìwé ìṣirò owó àti ọgbọ́n ìdíje. Àmọ́ èrè ni òṣùwọ̀n nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìtàn náà, àwọn onípìn-ín tàbí ìgbìmọ̀ olùdarí ni ọ̀gá inú wọn sì ń jíhìn fún.

Níbi iṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kò lè yan ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ fún, kò lè ti ẹ̀ka kan pa nítorí pé kò mówó wọlé, àwọn aṣòfin ló ń pinnu iye tí yóò ná, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùṣàyẹ̀wò owó àti àwọn oníròyìn lè bi í léèrè ohun tó ṣe ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí irú ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn fi wà: Harvard Kennedy School, tí a dá sílẹ̀ ní 1936, Lee Kuan Yew School of Public Policy ní Singapore, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, àti Blavatnik School of Government ní Oxford, tí a dá sílẹ̀ ní 2010. Mark Moore, tó kọ́ni ní Kennedy School fún ọ̀pọ̀ ọdún, pín iṣẹ́ ọ̀gá ìjọba sí igun mẹ́ta: àǹfààní tí iṣẹ́ náà yóò ṣe fún ará ìlú, àṣẹ àti àtìlẹ́yìn tí ọ̀gá ní láti ṣe é, àti agbára tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ní láti mú un ṣẹ. Bí ààrò mẹ́ta ni àwọn igun náà rí, nítorí bí ọ̀kan bá yẹ̀, èyí tó kù kò lè gbé e dúró. Ronald Heifetz, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, kọ́ àwọn ọ̀gá láti ya ìṣòro tí ẹni tó mọṣẹ́ lè tún ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣòro tí kò ní tán àfi bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn bá yí ìwà tàbí ìgbàgbọ́ wọn padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀gá iléeṣẹ́ omi ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí omi ń ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó kò sì wọlé. Páìpù tó ń jò àti mítà tó bàjẹ́ ni apá kan ìṣòro rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ òwò sì lè kọ́ ọ ní bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ àti bí a ṣe ń ṣètò àtúnṣe. Apá kejì ni àwọn oníbàárà tí kò san gbèsè fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ẹ̀yìn láti so omi mọ́ ilé, àti olóṣèlú tó ti ṣèlérí pé owó omi kò ní gòkè. Bí ó bá jẹ́ pé apá kejì yìí ló ń dà á láàmú, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣèjọba ni kí ó lọ, kódà bí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ òwò bá dùn ún gbọ́ jù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé pé òdìkejì rẹ̀ náà wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bá àwọn iléeṣẹ́ ńlá dúnàádúrà lórí àdéhùn ojú ọ̀nà tàbí iná mànàmáná nílò ilé-ẹ̀kọ́ òwò gan-an, nítorí ẹni tí kò mọ bí iléeṣẹ́ ṣe ń ṣírò èrè àti ewu kò ní mọ ìgbà tí wọ́n di gbogbo ewu náà rù ú. Bákan náà, ọ̀gá báńkì tàbí ti iléeṣẹ́ oògùn, tí òfin ìjọba lè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà ní ọjọ́ kan, yóò jèrè púpọ̀ bí ó bá jókòó ti àwọn tó ń kọ òfin náà.

Ìdàpọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì kì í ṣe ohun tuntun. Nígbà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá sílẹ̀ ní Henley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1945, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni kí òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọ̀gá iléeṣẹ́ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kékeré kan náà, kí wọ́n sì jọ yanjú ìṣòro. Mo fẹ́ràn irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè iye òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nínú kíláàsì tó kọjá. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì péré láàárín ogójì, ìdàpọ̀ náà kò kọjá inú ìwé ìpolówó.

Ètò tí gbogbo ènìyàn lè forúkọ sí àti ètò tí a ṣe fún iléeṣẹ́ kan ṣoṣo

Nínú ètò tí gbogbo ènìyàn lè forúkọ sí, ọ̀gá yóò pàdé àwọn tí kò bá a ṣiṣẹ́, yóò sì lè sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé òun nìkan ni yóò padà sílé pẹ̀lú ìmọ̀ tuntun náà, bí àwọn tó fi sílẹ̀ kò bá sì lóye ohun tó ń sọ, ìtara rẹ̀ lè má pẹ́ tí yóò fi rọ̀. Ètò tí a ṣe fún iléeṣẹ́ kan ṣoṣo wo àìsàn yìí, nítorí ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lórí ìṣòro tiwọn gan-an. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá pátápátá bá jókòó síwájú, àwọn tó kéré sí i kò ní la ẹnu. Èyí tó burú jù ni pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń mú ẹ̀kọ́ àtijọ́ wọn, wọn yóò pààrọ̀ orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé, wọn yóò sì pè é ní àkànṣe. Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ béèrè ẹni tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nínú iléeṣẹ́ yín kí wọ́n tó kọ ẹ̀kọ́ náà.

Ọjọ́ díẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún

Ètò ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún dára fún ìmọ̀ kan pàtó, irú bí ìdúnàádúrà tàbí kíka ìwé ìṣirò owó. Ètò ọlọ́sẹ̀ púpọ̀ dára fún ẹni tó ń gba ipò tó tóbi ju èyí tó ti ń ṣe lọ, bí ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá lè dúró láìsí i. Nínú gbogbo wọn, èyí tí mo máa ń dábàá jù ni ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá, yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, yóò sì tún wá. Henry Mintzberg, onímọ̀ nípa iṣẹ́ àwọn ọ̀gá, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní 1996, pẹ̀lú ìpàdé ní orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, ìlànà rẹ̀ sì ni pé kí ìdajì àkókò kíláàsì jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí ìrírí tiwọn. Ohun tí ẹ bá kọ́ ní oṣù kìíní, ẹ ó ti dán an wò kí ẹ tó padà ní oṣù kẹrin, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, ẹni tó kọ́ yín wà níbẹ̀ láti dáhùn.

Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì dín owó ìrìnàjò kù, ó sì tó fún ìmọ̀ tí a lè kà. Kò tó fún ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ tuntun láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Òǹtẹ̀, ipò àti owó

Àwọn àjọ kan máa ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ òwò wò, wọn a sì fi òǹtẹ̀ lu èyí tó bá yege: AACSB àti EFMD (tí òǹtẹ̀ tirẹ̀ ń jẹ́ EQUIS) máa ń yẹ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wò, AMBA sì ń yẹ ètò MBA wò; òǹtẹ̀ wọn kò fi hàn pé ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ kan tí ẹ fẹ́ rà dára. Ìwé ìròyìn Financial Times máa ń to àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sí ipò, ó sì ya ètò tí gbogbo ènìyàn lè forúkọ sí sọ́tọ̀ kúrò lára ètò iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, àmọ́ ìdáhùn àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ tàbí tó sanwó ló kó ipa tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Donald Kirkpatrick ti pín àyẹ̀wò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí ìpele mẹ́rin láti ọdún 1959: bóyá ó tẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn, bóyá ó kọ́ nǹkan kan, bóyá ìṣe rẹ̀ yí padà lẹ́nu iṣẹ́, àti bóyá iṣẹ́ náà dára sí i. Ìtẹ́lọ́rùn ni ìpele àkọ́kọ́, àwọn méjì tó gbẹ̀yìn sì ni ẹ ń sanwó fún.

Lórí owó, ẹ wádìí bóyá ilé gbígbé àti ìwé kíkà wà nínú iye tí wọ́n dá, àti ohun tí wọn yóò dá padà bí iṣẹ́ bá fà yín sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ gbà kí agbaṣẹ́ṣe tó ń bá iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣòwò sanwó fún un, bó ti wù kí ìfẹ́ náà dà bí ẹni pé kò ní ẹ̀tàn nínú.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ní kí ilé-ẹ̀kọ́ náà so yín pọ̀ mọ́ ẹni méjì tó jáde níbẹ̀ ní ọdún kan sẹ́yìn, tí ipò iṣẹ́ wọn jọ tiyín. Ẹ má ṣe bi wọ́n bóyá wọ́n gbádùn ẹ̀kọ́ náà. Ẹ bi wọ́n ní ohun kan tí wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti padà, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ bí ìdáhùn náà ṣe yá wọn lẹ́nu tó.