Àgbéyẹ̀wò FamilySearch: bí mo ṣe fi tọpa ìran Rebecca Nurse

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ní kí n bá àwọn tọpa ìran Rebecca Nurse, ìyá àgbà ẹni ọdún 71 tí wọ́n yẹgi fún ní ìlú Salem níbẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1692 pé àjẹ́ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ìran rẹ̀ làwọn. FamilySearch, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wá ìtàn ìdílé, ni mo lò jù. Ìjọ Mormon ló ni ín, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ṣáà ti forúkọ sílẹ̀.

Bí obìnrin ayé ìgbà náà bá ti wọlé ọkọ báyìí, orúkọ bàbá rẹ̀ di àwátì nínú ìwé. Nílé wa, ìyàwó ṣì ń jẹ́ oríkì ilé bàbá rẹ̀ di ọjọ́ alẹ́. Rebecca Nurse, Mary Easty, Sarah Cloyce: ta ni yóò gbọ́ orúkọ wọ̀nyí tí yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n? William Towne àti Joanna Blessing ló bí wọn. Wọ́n yẹgi fún Mary náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn; Sarah nìkan ló yè é.

Ìwé ìrìbọmi ló ń tú irú okùn bẹ́ẹ̀. Great Yarmouth, ní England, ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún Rebecca, ní ọjọ́ 21 oṣù kejì. Ẹ óò rí 1620 níbì kan, 1621 níbòmíràn. Ẹ má pa ọ̀kankan rẹ́: títí di ọdún 1751, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní England, nítorí náà 1620 tiwọn ni 1621 tiwa.

Ibi tó ti yẹ kí ẹ ṣọ́ra ni àtẹ ìran. Ẹyọ kan náà ni gbogbo ayé jọ ń kọ, ẹnikẹ́ni ló sì lè yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Sources, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Bó bá jẹ́ àtẹ ẹlòmíràn ni wọ́n tọ́ka sí, kì í ṣe ẹ̀rí. Ibòmíràn tí mo sanwó fún gbé Joanna lọ sí ìdílé ọba láìsí ìwé kankan nídìí rẹ̀, owó yẹn sì dùn mí gan-an. Àwọn fọ́tò ìwé kan wà lórí FamilySearch tí kì í ṣí nílé, àfi ní ọ́fíìsì wọn. Ìyẹn nìkan ló ń sú mi.

Rebecca àti Francis ọkọ rẹ̀ bí ọmọ mẹ́jọ. Èwo nínú wọn ló bí ìran ìyá ọkọ mi ló kù tí à ń wá. Ọ̀pọ̀ ìlú Massachusetts ti tẹ àkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú wọn jáde di 1850, nítorí náà láti ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni mo ti ń gòkè lọ báyìí, ìyá kan lẹ́yìn ìyá kan.