Ká gbin igi gmelina ni, àbí ká jẹ́ kí igbó hù padà fúnra ẹ̀?

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ nílẹ̀ lápá J4 nínú igbó ọba Omo lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an o. Gmelina máa ń yára dàgbà, ìyẹn ò ṣe é jiyàn, tí bí ọdún mẹ́wàá bá ti pé ẹ ti lè gé e tà, kùkùté ẹ̀ á sì tún rúwé, ìdí nìyẹn tí ìjọba fi gbìn ín rẹpẹtẹ sínú igbó ọba Omo láyé ìjọ́sí, wọ́n ní àwọn máa fi ṣe bébà ní Iwopin. Àmọ́ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gé e kó lọ, oúnjẹ ilẹ̀ lẹ̀ ń kó lọ pẹ̀lú ẹ̀.

Èyí tó bá hù fúnra ẹ̀ máa ń pẹ́ lóòótọ́, pàápàá tí wọ́n bá ti fi ilẹ̀ yẹn dáko fún ọ̀pọ̀ ọdún tí igbó àgbà ò sì sí nítòsí tí ẹyẹ, àdán àti atẹ́gùn á ti gbé kóró wá. Tí igbó àgbà bá wà nítòsí, afàrà, arère, ìrókò, gbogbo wọn lè padà wá láìná kọ́bọ̀! Òkè ilẹ̀ níbi tí ewé ti ń jẹrà ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ igi wà, tó bá ṣí sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n òjò á gbá a lọ, igi oríṣiríṣi tó ga ju ara wọn lọ ló sì ń bò ó dáadáa. Erin ṣì wà nínú Omo o, láti 1977 ni àjọ àgbáyé UNESCO ti kà á mọ́ igbó tó yẹ ká dáàbò bò.

Ilẹ̀ etí odò àti èyí tó fara ti igbó àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbin gmelina yín sórí ilẹ̀ tó ti ṣá, ẹ má gé igbó tuntun nítorí ẹ̀.